Nígbà Tí Wọ́n Pe Orúkọ Chinatsu

Ẹ sún mọ́bí, gbogbo yín. Ẹni tó bá ń dáná, kó dín iná kù díẹ̀. Ẹni tó bá ń kà á lórí fóònù nínú ọkọ̀, kó fọwọ́ kan di irin mú dáadáa. Ìtàn tí mo gbé wá yìí, ìjà ò sí níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò kú, wọn ò jí nǹkan kan gbé. Àmọ́ tíṣà tó ṣẹlẹ̀ sí, títí di òní tí mò ń sọ yìí, tó bá ti di oṣù kẹta tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to àga sí gbọ̀ngàn ilé-ìwé, oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun ẹ̀ mọ́. Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa.

Kanbara lorúkọ tíṣà náà. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni nígbà yẹn, kíláàsì kẹfà ló ń kọ́, ní ìlú kékeré kan létí òkun ní àríwá Japan, níbi tó jẹ́ pé ẹja ni gbogbo ilé ń jẹ, ẹja náà ni ìdajì ilé ń bá ṣiṣẹ́. Ọmọ mọ́kànlélógún ló wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa mú kíláàsì kan jáde nìyẹn, ẹ sì mọ bí nǹkan àkọ́kọ́ ṣe máa ń rí. Tó bá ń sùn, ó ń lálàá pé òun ti gbàgbé orúkọ ọmọ.

Nínú àwọn ọmọ yẹn, ọ̀kan wà tó ń jẹ́ Nagumo Chinatsu. Ọmọ náà gbọ́n, ó tún mọ àwàdà, àfi pé inú ìwé ni àwàdà ẹ̀ máa ń wà. Tó bá kọ nǹkan sí etí ìwé tó sì tì í sí ẹni tó jókòó tì í, onítọ̀hún á bú sẹ́rìn-ín láàárín ìṣirò, tíṣà á ní kó dìde. Àmọ́ tó bá di ká la ẹnu, Chinatsu ń kólòlò. Kì í ṣe kólòlò táwọn èèyàn fi ń ṣeré o, tí wọ́n á tún ọ̀rọ̀ kan pè lẹ́ẹ̀mẹta kó tó jáde. Tiẹ̀, ńṣe lọ̀rọ̀ máa ń há. Ẹnu á ṣí, ọrùn á le, ohùn ò ní jáde. Á wá dúró bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń wò ó, ẹ̀yin gan-an ni èémí yín máa dúró.

Gbogbo ọjọ́rú, tí wọ́n bá ti jẹun ọ̀sán tán, ìyá ẹ̀ á wá láti ibi tí wọ́n ti ń la ẹja, bàtà rọ́bà ṣì wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀, á gbé e sínú mọ́tò, wọ́n á kọjá sí òdì kejì èbúté. Ilé-ìwé kan wà níbẹ̀ tó ní Yàrá Ọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ tí ọ̀rọ̀ máa ń há lẹ́nu wọn, àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn ò já gaara, àwọn tó mọ nǹkan àmọ́ tí wọn ò mọ bí wọ́n ṣe máa tò ó jọ, ibẹ̀ ni wọ́n ń lọ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Bàbá àgbàlagbà kan ló ń kọ́ wọn, Mukai ni wọ́n ń pè é, ó ku ọdún méjì kó fẹ̀yìn tì. Àwọn òbí kan máa ń bínú sí i.

"Tíṣà, ọdún mẹ́ta ló ti ń wá síbí, ó ṣì ń kólòlò!"

Mukai á ní, "Ó ṣì ń kólòlò lóòótọ́. Àmọ́ ṣé ó ń sọ̀rọ̀ àbí kò sọ̀rọ̀? Ìyẹn ni kẹ́ ẹ bi mí."

Ìwé kékeré aláwọ̀ ewé kan ló ń rìn láàárín Mukai àti Kanbara. Mukai á kọ ohun tí wọ́n ṣe lọ́jọ́rú sínú ẹ̀, Chinatsu á gbé e wá láàárọ̀ ọjọ́bọ̀, á fi sórí tábìlì tíṣà ẹ̀. Kanbara á kà á, á fèsì, á dá a padà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ẹ̀kọ́, ẹ wò ó, Kanbara ń fèsì dé ìdajì ojú ìwé. Ó ń béèrè ìbéèrè. Ó tiẹ̀ ń ya ẹyẹ kéékèèké sí ìsàlẹ̀. Àmọ́ nígbà tó fi máa di ìgbà òtútù, ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá ọmọ mọ́kànlélógún, ìwé ìròyìn ọjọ́ tí àwọn ọmọ ń kọ, fọ́ọ̀mù ilé-ìwé girama tí wọ́n ń lọ, gbogbo ẹ̀ ti ga lórí tábìlì bí òkè. Tíṣà tó bá wà nírú ipò yẹn, òǹtẹ̀ ló máa ń lò. Kò sí tíṣà tí kò ní in nínú dúrọ́ọ̀. Ti Kanbara, àwòrán ehoro ló wà lórí ẹ̀, ehoro náà gbé pátákó kékeré kan dání tí wọ́n kọ "Mo ti rí i" sí. Á ṣí ìwé, pà! Á ṣí òmíràn, pà! Ogún ìwé láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta, kí agogo tó lù.

Ó di oṣù kejì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pín ọ̀rọ̀ ìdágbére. Ẹ mọ̀ pé tí àwọn kíláàsì kẹfà bá ń jáde, wọ́n máa ń dúró lórí àtẹ̀gùn onígi nínú gbọ̀ngàn, ẹnì kan á sọ ìlà kan, ẹnì kejì á gbà á, títí á fi kárí. Ọmọ kọ̀ọ̀kan, ìlà kọ̀ọ̀kan. Àwọn òbí á máa nu ojú. Kanbara kọ gbogbo ìlà náà sójú pátákó, ó ní kí àwọn ọmọ na ọwọ́ sí èyí tí wọ́n bá fẹ́.

Nígbà tó dé ìlà kẹsàn-án, "Òkun tí à ń rí látojú fèrèsé wa lójoojúmọ́," ọwọ́ kan ṣoṣo ló gòkè. Ọwọ́ Chinatsu ni.

Ọmọ kan wà lẹ́yìn, Nishikido Koshiro, tí ẹnu ẹ̀ kì í sinmi. Òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Háà! Chinatsu! Òkun á gbẹ kó o tó sọ ọ́ tán o!"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Kanbara fẹ́ jágbe mọ́ ọn, àmọ́ Chinatsu náà ń rẹ́rìn-ín. Ó fa bébà kan ya, ó kọ nǹkan sí i, ó gbé e sókè kí gbogbo wọn lè rí i. Ohun tó kọ ni: "Ó máa kún padà. Dúró dè é."

Koshiro gan-an rẹ́rìn-ín débi pé ó fẹ́ ṣubú lórí àga. Bí Chinatsu ṣe gba ìlà òkun nìyẹn.

Nígbà tí wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ ìdánrawò nínú gbọ̀ngàn, ẹ̀rín tán. Òtútù ibẹ̀ ń wọ egungun, sítóòfù mẹ́ta tó wà níbẹ̀, ariwo wọn pọ̀ ju ooru wọn lọ. Igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé, Iwadate, òun ló ń darí ètò. Ó gbé aago ìdíje dání bí ẹni tó ń wo eré sísá.

"Ọ̀rọ̀ ìdágbére, ìṣẹ́jú mẹ́fà ààbọ̀. Tó bá kọjá ìyẹn, orin ò ní bá a mu. Ó yá!"

Ìlà kìíní, ìkejì, ó ń lọ geere. Ó dé ọ̀dọ̀ Chinatsu. Ẹnu ẹ̀ ṣí. Ọrùn ẹ̀ le. Kò sí ohùn. Àwọn ọmọ kan ń wo bàtà wọn. Ẹnì kan lẹ́yìn rọra ń sọ ọ́ fún un lábẹ́ èémí, "Òkun, òkun tí à ń rí," bíi pé ó gbàgbé ni. Nígbà tó yá, ọmọbìnrin tí ìlà kẹwàá kàn bá a sọ ti ẹ̀, ó sì sọ tara ẹ̀ mọ́ ọn. Ó rò pé òun ń ràn án lọ́wọ́ ni. Iwadate wo aago ẹ̀, ó mí kanlẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ṣe ìdánrawò yẹn, bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lẹ́yìn ìkẹta, Iwadate fọwọ́ pe Kanbara sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Tíṣà Kanbara, ọmọ yẹn ò ṣe yín láàánú ni?"

"Ó ń ṣe mí láàánú, sà."

"Níwájú àwọn òbí? Níwájú àwọn àlejò láti ọ́fíìsì ìlú? Ìyá ẹ̀ náà á wà ńbẹ̀ o. Ẹ jẹ́ kí gbogbo kíláàsì jọ sọ ìlà yẹn. Á dùn ún gbọ́, ojú ò ní ti ẹnikẹ́ni."

Mi ò ní purọ́ fún yín, inú Kanbara dùn. Ó ti ń wá ọ̀nà tó máa gbà, ẹrù ńlá kan sì ṣáà ti sọ̀ kúrò lórí ẹ̀ báyìí. Lọ́jọ́ kejì, ó dúró níwájú kíláàsì, ó fi ojú tó ń rẹ́rìn-ín sọ ọ́.

"Ìlà òkun yẹn, mo tún un wò, mo rí i pé gbogbo wa la ni òkun. Ẹ jẹ́ ká jọ sọ ọ́ pa pọ̀."

Àwọn ọmọ kì í ṣe òmùgọ̀. Kò sẹ́ni tó wo Chinatsu. Kanbara ló wò ó.

"Chinatsu, ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ó jáde lẹ́nu ẹ̀ wẹ́rẹ́, kò há rárá. Kanbara sì rò nínú ara ẹ̀ pé ẹ wò ó, ọkàn ọmọ náà ti balẹ̀, ó tiẹ̀ ń sọ̀rọ̀ dáadáa.

Ó ku ọjọ́ mẹ́wàá kí wọ́n jáde. Lọ́jọ́ ẹtì, tí àwọn ọmọ ti lọlé, Mukai wá fúnra ẹ̀. Ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ó ti ẹsẹ̀ bọ sílípáàsì àlejò tó kéré fún un, ó ń wọ́ ọ bọ̀ títí dé yàrá àwọn tíṣà.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Tíṣà Kanbara."

"Háà, bàbá! Ẹ̀yin náà ẹ kú làálàá. Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ n po tíì."

"Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu. Mo kàn yà ni. Mo ní kí n béèrè, àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ńkọ́? Ṣé ó ti mọ́ wọn lára láti máa dúró dè é?"

"Dúró de ta ni?"

Mukai wò ó. Ó rọra ní, "Mo kọ ọ́ sínú ìwé."

Ìwé aláwọ̀ ewé náà wà lórí tábìlì níbẹ̀, Kanbara ò tíì dá ti ọjọ́bọ̀ àná padà. Ó ṣí i. Ehoro. Ó ṣí ojú ìwé ìṣáájú. Ehoro. Ehoro márùn-ún, ọ̀sẹ̀ márùn-ún, gbogbo wọn gbé pátákó "Mo ti rí i" dání, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tó wà lókè wọn.

Ti àkọ́kọ́: "Chinatsu ní kí n bá òun kọ èyí. Ó ti gba ìlà kan tó fẹ́ dá sọ. Ó mọ̀ pé ó máa há. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má bá òun sọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má wolẹ̀, kí wọ́n ṣáà dúró. Òun fúnra ẹ̀ ò lè sọ ìyẹn fún kíláàsì, ó gùn jù. Ẹ jọ̀ọ́, tíṣà, ẹ bá a sọ ọ́."

Ti ìkejì: "À ń dánra wò. Kì í ṣe kó má há là ń kọ́ o. Bó ṣe máa dúró gbọn-in nígbà tó bá há là ń kọ́. Lónìí, sẹ́kọ́ńdì mọ́kànlá. Kò wolẹ̀ rárá. Inú wa dùn débi pé a jẹ bisikíìtì."

Ti ìkẹta: "Ó bi mí bóyá ẹ ti sọ fún wọn. Mo ní ẹ ti rí i, torí òǹtẹ̀ yín wà níbẹ̀."

Ti ìkẹrin: "Ó ní wọ́n ti gba ìlà náà lọ́wọ́ òun. Mo ní á jẹ́ pé ẹ rí ìdí kan. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ìdí ẹ̀, kí n lè ṣàlàyé fún un?"

Ti ìkarùn-ún ò ju ìlà kan lọ: "Lónìí kò fẹ́ dánra wò. A ta káàdì."

Kanbara ò lè gbé ojú sókè.

"Bàbá, mi ò kà á. Mo kàn ń tẹ̀ ẹ́ ni."

"Mo ti ń fura," Mukai ní. "Ọwọ́ yín dí. Èmi náà ti tẹ òǹtẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ọwọ́ mi kọ́ lẹ ti máa tọrọ àforíjì."

Lọ́jọ́ ajé, lákòókò tí àwọn ọmọ ń gbálẹ̀, Kanbara bá Chinatsu ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó ń fi àkísà nu ilẹ̀. Kanbara náà mú àkísà, ó kúnlẹ̀ tì í. Wọ́n jọ ń nù ún lọ.

"Chinatsu, mo wá bẹ̀ ẹ́. Ohun tẹ́ ẹ kọ sínú ìwé, ìwọ àti Tíṣà Mukai, mi ò kà á. Mo tẹ òǹtẹ̀ lé e láì kà á. Mo ṣẹ̀ ẹ́. Màá dá ìlà yẹn padà fún ẹ. Lónìí ni màá lọ bá igbákejì ọ̀gá."

Chinatsu ò dáwọ́ dúró. Ó nu ilẹ̀ dé ẹsẹ̀ ògiri kó tó la ẹnu.

"W-wọ́n ti... wọ́n ti jọ mọ̀ ọ́n sọ. Ó máa d-da gbogbo ẹ̀ rú mọ́ wọn lójú."

"Kò ní da nǹkan kan rú."

"Ó t-tó bẹ́ẹ̀, mà."

Kanbara mọ̀ pé ọmọ náà ò fẹ́ di ìnira fún ẹnikẹ́ni. Ó mọ̀ ọ́n, kò sì ti ọ̀rọ̀ náà síwájú, torí pé, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ẹ̀rù Iwadate náà ń bà á. Ni Chinatsu bá jókòó lórí gìgísẹ̀ ẹ̀, ó wò ó lójú.

"Orúkọ mi."

"Orúkọ ẹ ṣe ńkọ́?"

"T-tẹ́ ẹ bá..." Ó há. Kanbara dúró. Omi ń kán láti inú àkísà. "...tẹ́ ẹ bá pè é, lọ́jọ́ náà. Ẹ dúró d-dè mí."

Ẹ rí i, kí wọ́n tó fún ọmọ kan ní ìwé ẹ̀rí, tíṣà kíláàsì máa kọ́kọ́ pe orúkọ ẹ̀ nínú máìkì, ọmọ náà á dáhùn pé "Mo wà!" kí gbogbo gbọ̀ngàn gbọ́. Ìyẹn, wọn kì í bá èèyàn jọ sọ. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó kù fún Chinatsu láti dá sọ nìyẹn.

"Màá dúró dè ẹ́," Kanbara ní.

"Tó bá p-pẹ́ ńkọ́?"

"Tó bá pẹ́ títí wọ́n fi gbé oúnjẹ alẹ́ síwájú wa níbẹ̀, màá dúró."

Chinatsu rẹ́rìn-ín. "Ìyá mi máa l-lọ síbi iṣẹ́ o."

Kanbara bá kíláàsì sọ ọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ó ka ohun tí Mukai kọ fún wọn, kò fi ọ̀kan pa mọ́, ó sọ pé òun lòun jẹ̀bi. Ó ní lọ́jọ́ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde, tóun bá pe orúkọ ẹnikẹ́ni, tó bá gba àkókò, kí wọ́n dúró. Koshiro na ọwọ́ sókè.

"Tíṣà, kì í ṣe àwa la máa pe orúkọ. Ẹ̀yin ni. Àwa á kàn dúró sójú kan ni. Ẹ̀yin lẹ máa dúró dè é."

"Òótọ́ lo sọ," Kanbara ní, àwọn ọmọ sì rẹ́rìn-ín.

Àmọ́ ẹ gbọ́ ibi tó ti bàjẹ́. Nínú gbogbo ìdánrawò tó kù, wọn ò pe orúkọ gbogbo ọmọ. Kí àkókò má baà lọ, ẹni àkọ́kọ́ àti ẹni ìkẹyìn ni wọ́n máa ń pè, wọ́n á fò àárín. Bó ṣe máa ń rí lọ́dọọdún nìyẹn, kò sẹ́ni tó rò ó wò. Chinatsu lọ sí Yàrá Ọ̀rọ̀ lọ́jọ́rú, òun àti Mukai sì dánra wò bó ṣe máa dáhùn, bó ṣe máa dúró. Kanbara ò dánra bó ṣe máa dúró wò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ta ló máa ń rò pé èèyàn nílò láti kọ́ ìyẹn?

Ọjọ́ pé. Yìnyín ń yọ́ lórí òrùlé, ó ń kán tó-tó-tó. Wọ́n ti fi aṣọ pupa àti funfun yí gbọ̀ngàn po. Kanbara ró ìró gígùn táwọn tíṣà obìnrin ibẹ̀ máa ń ró lọ́jọ́ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde, èyí tó yá lọ́wọ́ àbúrò ìyá ẹ̀, ó fún un ní ìdí, èémí ẹ̀ ò délẹ̀. Ìyá Chinatsu wà ní ìlà kẹta, ó wọ dúdú, ọwọ́ ẹ̀ tó pupa nítorí omi tútù wà lórí itan. Mukai náà wá, ó jókòó lẹ́yìn pátápátá.

Kanbara gba iwájú máìkì lọ. Ó pe ẹni àkọ́kọ́.

"Mo wà!"

Ó pe ìkejì. "Mo wà!" Gbọ̀ngàn náà ń dún padà. Ó ń lọ bí omi. Bó ṣe ń lọ bí omi yẹn gan-an ló kó bá a, torí ètè ẹ̀ ti mọ ìgbésẹ̀ náà, pè, gbọ́, pè, gbọ́.

"Nagumo Chinatsu."

Chinatsu dìde. Ó yíjú sí i. Ẹnu ẹ̀ ṣí. Ọrùn ẹ̀ le.

Sẹ́kọ́ńdì kan. Méjì. Mẹ́ta. Kanbara sọ fún ara ẹ̀ pé, mò ń dúró, mò ń dúró. Sítóòfù ń kùn. Ọmọ ọwọ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún níbì kan. Mẹ́rin, márùn-ún. Bàbá kan wúkọ́. Iwadate gbé orí sókè níbi tó jókòó, kò sọ nǹkan kan, ó ṣáà gbé orí sókè. Orí àwọn àlejò ń yí wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́fà. Ìyá Chinatsu ti wolẹ̀. Kanbara rí i pé ó wolẹ̀, ọkàn ẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ̀rọ̀: Gbogbo ayé ló ń wo ọmọ ọlọ́mọ. Ìyà nìyí. Ìwọ lò ń fi ìyà jẹ ẹ́. Gbà á sílẹ̀.

Chinatsu ò wolẹ̀ o. Ojú Kanbara gan-an ló ń wò, kò ṣẹ́jú.

Kanbara ló gbé ojú kúrò. Ojú ẹ̀ bọ́ sórí bébà tó wà níwájú ẹ̀. Orúkọ tó tẹ̀ lé e wà níbẹ̀, ètè ẹ̀ sì kà á.

"Nishikido Koshiro."

"Mo wà!"

Kì í ṣe Koshiro ló dáhùn. Chinatsu ni. Ó jáde ketekete, kò há, kò pín sí méjì. Àmọ́ ohùn Kanbara wà nínú máìkì, ohùn Chinatsu ò sí nínú nǹkan kan, ohùn kékeré yẹn sì rì sábẹ́ orúkọ ẹlòmíì.

Koshiro ò tíì dáhùn. Ọmọ tí ẹnu ẹ̀ kì í sinmi, ó dìde, ó yíjú sí Chinatsu, ó dúró. Ó wò ó bí ẹni tó ń béèrè pé ṣé o ti sọ ọ́ tán. Ìgbà tí Chinatsu mi orí sí i ló tó kọjú síwájú tó ní "Mo wà!" Gbogbo èèyàn rò pé ẹ̀rù ló ń bà á, àwọn kan tiẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí wọ́n dé ìlà òkun nínú ọ̀rọ̀ ìdágbére, ohùn ogún ọmọ ló sọ ọ́. Ó dùn ún gbọ́ lóòótọ́. Ẹnu Chinatsu wà ní pípadé.

Tí ètò bá parí, wọ́n máa ń ya fọ́tò níta. Ìyá Chinatsu wá bá Kanbara, ó tẹrí ba títí orí ẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orúnkún.

"Tíṣà, ẹ ṣeun o. Ẹ ti ṣe wàhálà lórí ọmọ yìí jù. Ẹ tiẹ̀ kó mi yọ lónìí. Ẹ̀rù bà mí, mo rò pé wọ́n máa dúró bẹ́ẹ̀ lọ ni."

Kanbara náà tẹrí ba. Nígbà tó gbé orí sókè, Chinatsu wà níwájú ẹ̀, ó di ìwé ẹ̀rí ẹ̀ mọ́ra. Ìyá ẹ̀ ń pè é lọ síbi fọ́tò, kò tíì lọ.

"T-tíṣà. Ṣé ẹ gbọ́?"

"Mo gbọ́ ọ."

"Kẹ́ ẹ tó pe K-Koshiro ni àbí l-lẹ́yìn ẹ̀?"

Ọmọ náà ń béèrè ni o, kò fi ẹ̀sùn kàn án. Ó fẹ́ mọ̀ ni. Ó ti há, ó ń tì í nínú ọ̀fun ẹ̀, báwo ló ṣe máa mọ ohun tó ṣáájú?

"Kí n tó pè é ni," Kanbara ní.

Chinatsu tẹrí ba, ó ní "Ẹ ṣé, mà," èyí náà ò há. Ó lọ bá ìyá ẹ̀.

Bàbá ọmọ kan fi fídíò ètò náà ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Kanbara ti wò ó ju ogún ìgbà lọ. Láti ìgbà tó pe Nagumo Chinatsu títí dìgbà tó pe Koshiro, sẹ́kọ́ńdì mẹ́sàn-án ni. Nínú ara ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ó dà bí ìdajì wákàtí. Tó bá fi etí lé e dáadáa, ó máa ń gbọ́ "Mo wà" yẹn lábẹ́ ohùn ara ẹ̀. Kì í ṣe ṣáájú ló ti bọ́. "Nishikido" ti jáde tán, "Koshiro" ló kù lẹ́nu. Ó ti gbé fóònù tó ìgbà mélòó kan láti pe ilé àwọn Chinatsu, kó sọ òótọ́ fún un. Ó máa ń tẹ nọ́ńbà títí dórí èyí tó kẹ́yìn, á gbé e sílẹ̀. Chinatsu ti wà ní ilé-ìwé girama báyìí. Mukai sọ pé tí wọ́n bá béèrè nǹkan nínú kíláàsì, kì í na ọwọ́ sókè.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbọ́ mi, mo mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ, pé kí ni sẹ́kọ́ńdì mẹ́sàn-án. Ẹ dákẹ́ ná, kẹ́ ẹ kà á. Ẹ dúró síwájú máìkì yẹn, kí gbogbo orí yí sí yín, kí ìyá ọmọ wolẹ̀ níwájú yín, kí orúkọ ẹlòmíì wà lójú bébà yín níbẹ̀. Ká ní ẹ̀yin ni, ṣé ẹ máa dúró? Tọ́mọ náà bá sì wá bi yín níta pé ìgbà wo lẹ gbọ́ òun, kí lẹ máa sọ fún un?